Ìbò gbangba àbí ìbò ìkọ̀kọ̀: Bí àwọn ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí, ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ti àdúgbò ti mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnìkan á béèrè pé àwọ̀ wo la fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí, á to àwọ̀ mẹ́ta sísàlẹ̀, oníkálukú á sì máa tẹ èyí tó wù ú. Ọdún 2022 ni WhatsApp gbé ètò ìdìbò yìí jáde, kò sì pẹ́ rárá tó fi mọ́ àwọn èèyàn lára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyèsí ni pé ìbò ọ̀hún kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń wo ìbò máa rí orúkọ gbogbo ẹni tó dìbò àti ohun tí kálukú mú. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ ẹbí ni, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ yọ akápò ẹgbẹ́, tí akápò náà sì wà nínú gúrúùpù, tó tún wá jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ka ìbéèrè náà tán, tí wọ́n á ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí i.

Telegram ní tiẹ̀ fi í sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò ìbò. Ìkọ̀kọ̀ nìkan ni ìbò orí rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ láti oṣù Kìíní ọdún 2020, ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ lè yàn bóyá kí orúkọ àwọn tó dìbò hàn tàbí kó má hàn. X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, kì í fi orúkọ ẹni tó dìbò hàn rárá. Kódà ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó tún bo orúkọ àwọn tó bá ṣe "like" sí ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà nìkan ló lè rí wọn. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, ìlànà mẹ́ta. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ní ojútùú kan pàtó.

Nàìjíríà ti dán an wò rí

Àwọn tó ti tó ìbò dì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú kò ní gbàgbé. Lásìkò ìjọba ológun Ibrahim Babangida, NEC, ìyẹn àjọ elétò ìdìbò ìgbà yẹn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu jẹ́ alága rẹ̀, ní káwọn èèyàn jáde wá tò sórí ìlà. Ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ń tò sí. Òṣìṣẹ́ àjọ náà á wá ka orí wọn níkọ̀ọ̀kan, á kéde iye wọn níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1990.

Ohun tó dáa níbẹ̀ kò fara sin. Kò sí àpótí tí ẹnikẹ́ni lè lọ ki ìwé ìbò sí lóru, kò sí pé wọ́n gbé èsì lọ sí ibì kan kí wọ́n tó yí i padà. Ojú gbogbo èèyàn ni ẹlẹ́rìí. Ohun tí kò dáa níbẹ̀ náà kò fara sin: onílé rẹ rí ìlà tó o tò sí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ rí ọ, ẹni tó yá ọ lówó rí ọ. Èèyàn tó ti gba owó lọ́wọ́ olóṣèlú kò lè sá, nítorí ẹni tó fún un lówó dúró síbẹ̀ tó ń wò ó.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, tí Olóyè M.K.O. Abiola àti Alhaji Bashir Tofa jọ du ipò ààrẹ, wọ́n ti tún un ṣe. Olùdìbò á tẹ̀ka sórí ìwé rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i, á wá jáde síta gbangba wá jù ú sínú àpótí. Ohun tó mú kò hàn, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn rí i pé ó dìbò, ìwé kan ṣoṣo ló sì jù síbẹ̀. Irú ìlànà àdàlù gbangba àti ìkọ̀kọ̀ yìí náà ni òfin ìdìbò Nàìjíríà ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀nà kan náà gan-an làwọn ẹgbẹ́ ńláńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì wá tọ̀. Gbangba ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, wọ́n wá ìkọ̀kọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn.

Wikipedia: ìbò tí kì í ṣe ìbò

Kò sí ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìtàn rẹ̀ rọrùn láti tọpinpin lórí ọ̀rọ̀ yìí tó Wikipedia. Jimmy Wales àti Larry Sanger ló dá ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2001. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún ohun tí ẹlòmíì kọ ṣe. Lẹ́yìn àyọkà kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kan wà tí wọ́n ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ló ń wà ní ìpamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á tẹ àmì ~ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì sọ ọ́ di orúkọ rẹ̀ àti àkókò tó sọ ọ́.

Ká ní ẹnìkan rò pé àyọkà kan kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó lè gbé e wá síwájú àwọn yòókù pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ìjíròrò náà máa ń gba ọjọ́ méje ó kéré tán. Ẹni tó bá dé á kọ pé "kó dúró" tàbí "kí wọ́n pa á rẹ́", á sọ ìdí rẹ̀, á fi orúkọ sí i. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ìbò ni wọ́n ń dì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀ náà, kó tó di pé wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "ìbò" kúrò nínú orúkọ rẹ̀ lọ́dún 2005.

Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ni pé kíka iye orí kọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, alábòójútó kan tí kò dá sí àríyànjiyàn náà á ka ohun tí gbogbo èèyàn sọ, á wo ẹni tí àlàyé rẹ̀ bá ìlànà mu. Èèyàn mẹ́wàá lè wá kọ pé "mo fara mọ́ ọn" láìsọ ìdí kankan. Tí èèyàn mẹ́ta bá kó ìròyìn inú ìwé ìròyìn mẹ́rin wá láti fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, àwọn mẹ́ta náà lè borí. Àwọn olùkọ́ Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ní àwàdà kan fún un. Wọ́n máa ń fi àmì ìyanu (!) síwájú ọ̀rọ̀ "vote" tí wọ́n bá ń sọ nípa irú ìbò yìí, torí pé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, "kì í ṣe" ni àmì yẹn ń sọ. Ìbò tí kì í ṣe ìbò nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí? Ẹni tó bá ti lọ sí ìpàdé onílé àdúgbò rí máa mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹnìkan tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ síbi tó wù ú á kàn lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpinnu, àwọn tí kò wá sí ìpàdé kankan rí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnìkan ṣoṣo lè ṣí orúkọ márùn-ún, kó sì fi orúkọ márààrún dìbò. Bó bá jẹ́ pé orí nìkan ni wọ́n ń kà, ọlọ́pọ̀ orúkọ ló máa ń wọlé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àlàyé ni wọ́n ń wò, orúkọ márùn-ún tó ń sọ ohun kan náà kò ju ẹyọ kan lọ.

Ibí yìí ni gbangba ti wúlò jù lọ. Nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń rí ohun tí kálukú sọ, ẹlòmíì lè fèsì, ó lè bi í ní ìbéèrè, ó lè gbé ẹ̀rí tuntun wá. Ẹni tó ti ní kí wọ́n pa àyọkà rẹ́ lánàá lè padà wá lónìí, kó fa ìlà la ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, kó ní òun ti yí èrò òun padà. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Nínú ìbò ìkọ̀kọ̀, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè bá ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ sọ̀rọ̀, nítorí wọn ò mọ ẹni tó jẹ́.

Ìlú kan, orúkọ méjì

Ṣùgbọ́n àsọyé náà kì í tán nígbà míì. Ìlú kan wà ní Poland tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Gdańsk. Danzig làwọn ará Jámánì ń pè é. Ìlú náà ti bọ́ sọ́wọ́ oríṣiríṣi ìjọba láti ọ̀rúndún wá, èyí tó mú kí orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn kan. Lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, ẹnìkan á kọ Gdańsk, ẹlòmíì á pa á rẹ́, á kọ Danzig. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni àkọ́kọ́ ti dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a yí, kì í sì í ṣe nínú àyọkà kan ṣoṣo, nítorí gbogbo ẹni tí wọ́n bá bí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Lọ́dún 2005, wọ́n gbà pé kí wọ́n kúkú dìbò. Ìbò gbangba ni, oníkálukú ló fi orúkọ sí tiẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé wọn kò béèrè pé èwo nínú orúkọ méjèèjì ló tọ̀nà. Sáà ìtàn ni wọ́n pín in sí, wọ́n wá dìbò lórí sáà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó já sí ni pé Gdańsk ni wọ́n á máa lò fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún 1308, Danzig láti 1308 sí 1945, Gdańsk lẹ́yìn 1945. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó gba gbogbo ohun tó fẹ́. Ìjà tí àríyànjiyàn kò lè parí, ìbò ló rọ̀ ọ́ lójú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣètò ìbò ní gúrúùpù kankan ni pé bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye èèyàn tó dìbò lọ. Ká ní "Gdańsk àbí Danzig?" ni wọ́n béèrè ní ṣókí, apá kan ni ìbá borí, apá kejì ìbá sì padà bẹ̀rẹ̀ ìjà lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ gbà pé inú rere ló fi ṣe é"

Lára àwọn ìlànà Wikipedia, ọ̀kan wà tí wọ́n máa ń tọ́ka sí nígbà gbogbo tí àríyànjiyàn bá le: kí olúkúlùkù gbà pé inú rere lẹnìkejì fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, àyàfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́ lè máà kórìíra yín. Ó lè jẹ́ pé kò mọ ìlànà ni, tàbí pé ẹ̀yin lẹ kò mọ̀ ọ́n.

Ó dùn-ún sọ, kò rọrùn láti ṣe. Lójúkojú, èèyàn máa ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì, á rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Lórí fóònù, lẹ́tà nìkan ló wà níbẹ̀. "Níbo lẹ ti rí i?" lè jẹ́ ìbéèrè tòótọ́, ó sì lè jẹ́ èébú. Nínú èdè Yorùbá pàápàá, ẹni tó bá kọ "o" dípò "ẹ" sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ pé àgbàlagbà ni ti dá ìjà sílẹ̀ kó tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ò lè mọ àgbà.

Ìlànà náà ní ààlà rẹ̀ ṣá o. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni di ojú sí jìbìtì. Tí wọ́n bá fura pé ẹnìkan ń lo orúkọ púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ díẹ̀ wà tí wọ́n fún láṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo orúkọ náà ti ń wọlé. Wọ́n tún lòdì sí kéèyàn máa lọ kó kìkì àwọn tó mọ̀ pé wọ́n máa gbè é lẹ́yìn wá síbi ìjíròrò. Kéèyàn kéde fún tọ̀tún-tòsì kò burú. Kó yan àwọn tó máa kéde fún ni wọ́n kọ̀.

Ìṣòro míì tún wà tí inú rere nìkan kò lè yanjú, ìyẹn ni pé àwọn tó jókòó síbi ìpinnu lè máà mọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n ń pinnu lé lórí. Lọ́dún 2010, ẹgbẹ́ olórin Just a Band ní Kenya gbé fídíò orin kan jáde, Makmende sì ni akọni inú rẹ̀. Gbogbo Kenya ló gbé e, àwàdà lóríṣiríṣi ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ àyọkà nípa rẹ̀ sórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pa á rẹ́, nítorí lójú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ lásán ni. Ìgbà tí àríyànjiyàn le, tí ìròyìn nípa rẹ̀ sì ti jáde níta, ni wọ́n tó jẹ́ kó dúró. Ẹni tó pa á rẹ́ lè má ní ìkà kankan nínú. Kò ṣáà mọ Nairobi ni. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí gbajúgbajà òṣèré tíátà Yorùbá tó jẹ́ pé orí rédíò àti sinimá ni gbogbo òkìkí rẹ̀ wà, tí kò sí ìwé ìròyìn tó kọ nípa rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ tí ẹnìkejì kò bá sí níbi àpérò ńkọ́, ta ló máa rojọ́ fún un?

Ìgbà tí gbangba bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn sá

Ibi tí ìbò gbangba ti kan Wikipedia lára jù ni yíyan alábòójútó, ìyẹn àwọn tó lè pa ojú ìwé rẹ́, tí wọ́n sì lè dá oníjàgídíjàgan dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ipò náà á gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ méje. Wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè, wọ́n á sì máa to orúkọ ara wọn sí abẹ́ "mo gbà", "mo kọ̀" tàbí "mi ò sí níbì kan", tàwọn tìdí wọn. Tí àwọn tó gbà bá lé ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sábà máa ń wọlé. Tí wọn ò bá tó 65, kì í wọlé. Àárín méjèèjì ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń jókòó gbé àlàyé yẹ̀ wò.

Kò sí ohun tó ń pa rẹ́ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kó gbogbo irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ jọ títí di oṣù Kìíní ọdún 2008 láti fi ṣe ìwádìí: ìdìbò 2,794, ìbò tó lé ní 100,000. Ohun tí ẹnìkan sọ nípa ẹlòmíì lọ́dún 2006 ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n bá sọ síni lára níbẹ̀, gbogbo ayé ló máa ń rí i, ọmọ ẹni náà lè dàgbà kó wá kà á.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Lọ́dún 2007, àwọn tó di alábòójútó lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì lé ní 400. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, wọn kò tó mẹ́wàá jálẹ̀ ọdún. Kì í ṣe ìbò gbangba nìkan ló fà á, nítorí ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùdíje náà ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjíròrò lórí rẹ̀, ohun kan náà làwọn èèyàn ń sọ: ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn á fi máa tú ìdí ẹni síta kò wu ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n dán ọ̀nà míì wò. Àwọn olùdíje jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ jíròrò lórí wọn ní gbangba, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Èèyàn 11 ló wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó ju iye tí wọ́n rí ní gbogbo ọdún 2021 lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹnu kò pé kí ọ̀nà náà dúró. Ìjíròrò wà ní gbangba, ìbò wà ní ìkọ̀kọ̀. Kò jìnnà sí ohun tí Nwosu ṣe lọ́dún 1993.

Wọ́n ti kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìjà tó bá le jù láàárín wọn. Gbangba ni wọ́n ti ń dìbò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà títí di ọdún 2008. Láti 2009, ó di ti ìkọ̀kọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó mọ́gbọ́n dání: ẹni tó bá sọ ní gbangba pé adájọ́ kan kò dáa, tó bá di pé ẹjọ́ tiẹ̀ náà dé iwájú adájọ́ ọ̀hún, báwo lọkàn rẹ̀ ṣe máa balẹ̀? Kí wọ́n má bàa fi ìkọ̀kọ̀ ṣe màgòmágó, àwọn tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ló ń yẹ orúkọ àwọn tó dìbò wò.

Debian náà kò gbẹ́yìn

Debian ni ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọ̀kan lára àwọn ètò Linux tó gbajúmọ̀ jù, èyí tí Ian Murdock bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993. Wọ́n ní ìwé òfin tiwọn, wọn kì í sì í fi ìdìbò ṣeré. Olùdìbò kì í mú ẹyọ kan; ṣe ló máa ń to gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, èyí tó fẹ́ jù síwájú, èyí tí kò fẹ́ sẹ́yìn. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń yan olórí wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó dìbò àti bó ṣe tò ó jáde.

Lọ́dún 2021, Richard Stallman padà sínú ìgbìmọ̀ Free Software Foundation, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìjà ńlá sì bẹ́. Àwọn kan fẹ́ kí Debian ní kó kúrò, àwọn kan fẹ́ kó gbè é lẹ́yìn. Ìbínú tó wà níta pọ̀ débi pé àwọn tó fẹ́ dìbò ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi orúkọ àwọn ṣe nǹkan tí èsì bá jáde. Ìpinnu tó borí ni pé Debian kò ní sọ ohunkóhun lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ìwé òfin wọn ṣe: orúkọ kò ní hàn mọ́, ṣùgbọ́n olùdìbò kọ̀ọ̀kan á lè yẹ̀ ẹ́ wò pé wọ́n ka ìbò òun.

Ìgbà tí gbangba ló dáa jù

Kì í ṣe pé ìkọ̀kọ̀ ló yẹ ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ń gbé àbá òfin méjì yẹ̀ wò, SOPA àti PIPA, tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó máa pa íntánẹ́ẹ̀tì lára. Àwọn olùkọ́ Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì jókòó lé e lórí ní gbangba, àwọn tó lé ní 1,800 ló sì dá sí i. Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni kí wọ́n tì í pa ní, àbí gbogbo ayé? Alábòójútó mẹ́ta ló ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ, tí wọ́n sì kéde ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Lọ́jọ́ 18 oṣù náà, wọ́n ti Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pa fún wákàtí 24, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní Ìbàdàn náà rí ojú ìwé dúdú.

Ká ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbà pé kì í ṣe èèyàn mẹ́ta ló jókòó sí yàrá tó ṣe é? Nígbà tó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń jíròrò lé, gbangba ló ń jẹ́ kí àwọn tí kò dìbò fọkàn tán an. Nígbà tó bá jẹ́ èèyàn kan pàtó ni wọ́n fẹ́ yàn tàbí tí wọ́n fẹ́ yọ, ibẹ̀ ni ìkọ̀kọ̀ ti ń dáàbò bo olùdìbò. Fún ẹni tó ń bójú tó gúrúùpù WhatsApp, èyí túmọ̀ sí pé ìbò orí rẹ̀ dára fún àwọ̀ aṣọ, ọjọ́ ìpàdé àti iye owó ọdún. Tó bá di ọ̀rọ̀ akápò, ó sàn kí wọ́n jíròrò nínú gúrúùpù, kí wọ́n wá fi Telegram tó bo orúkọ dìbò, tàbí kí wọ́n lo bébà níbi ìpàdé.

Ti Yorùbá ńkọ́?

Wikipedia èdè Yorùbá wà, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Àmọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ déédéé kò pọ̀ rárá. Níbi tó jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló wà, ìbò kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀, nítorí ẹni méjì tó bá ti fẹnu kò ti lè borí. Ẹni tó bá fẹ́ di alábòójútó níbẹ̀ á kọ́kọ́ kéde fún àwọn tó kù ní gbangba, á dúró kí wọ́n sọ èrò wọn, kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ń bójú tó gbogbo Wikipedia lágbàáyé pé kí wọ́n fún òun láṣẹ. Tí àwọn tó dá sí i kò bá pọ̀, àṣẹ onígbà díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un, tó bá parí, á tún lọ tọrọ rẹ̀.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohùn ẹnìkan níbẹ̀ wúwo ju ohùn ẹgbẹ̀rún lórí ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú àyọkà nípa ìlú rẹ̀, tàbí tí àmì ohùn orí orúkọ ọba ìlú rẹ̀ kò tọ̀nà, lè lọ sí ojú ìwé ìjíròrò àyọkà náà, kó sọ ohun tó rí àti ibi tó ti rí ẹ̀rí rẹ̀, kó tẹ ~ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò gba owó, kò sì pọn dandan kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.